Jíjẹ́ Ọmọ Nàìjíríà àti Ìdáàbòbò Ọgbọọgba Lábẹ́ Òfin

Bí ènìyàn bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, tí ó bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí tí ó bá fẹ́ du ipò, ìbéèrè kan kì í yẹ̀: ọmọ ibo ni? Ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn tí òfin fún ìbéèrè yìí, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ olùgbé sì ti pàdánù ohun tí ó tọ́ sí wọn nítorí pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a ó ṣe àlàyé ohun tí Òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ nípa ẹni tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ìdáàbòbò tí ó ṣe ìlérí rẹ̀ fún un, àti ibi tí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ yìí dù lè gbà lọ. A ó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò kún tó, nítorí kò ṣe olùgbé kankan láǹfààní kí ó máa gbójú lé ohun tí òfin kò fi lélẹ̀.

Ta ni òfin pè ní ọmọ Nàìjíríà?

Orí Kẹta Òfin-ìpìlẹ̀, láti abala 25 títí dé abala 32, ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là sílẹ̀: nípa ìbí, nípa ìforúkọsílẹ̀, àti nípa ìsọdọmọ.

Nípa ìbí ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wa fi jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìdílé tí a ti bí ènìyàn ni òfin wa ń wò, kì í ṣe ilẹ̀ tí a bí i sí nìkan. Ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, tí àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn òbí-àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pátápátá, kì í ti ipa ibi tí a bí i sí di ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Kútọnu, tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ tí ó ti dé ilé ayé.

Abala 25 ṣe ìyàtọ̀ díẹ̀ nípa ìgbà àti ibi tí a bí ènìyàn. Fún ẹni tí a bí ní Nàìjíríà kí òmìnira tó dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, òfin béèrè pé kí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí-àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ara àwùjọ tí ó jẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Fún ẹni tí a bí níbí lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó tó kí òbí kan tàbí òbí-àgbà kan jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí a bí sí òkè òkun, òbí nìkan ni òfin dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá-àgbà tàbí bàbá-àgbà nìkan ni ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti gba ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìyá àti bàbá dọ́gba nínú gbogbo ètò yìí. Àwọn kan ṣì gbà gbọ́ pé bàbá nìkan ni ọmọ ń tẹ̀ lé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú oríkì; kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Òfin-ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ẹnubodè gidigidi. Láti Ìdìrókò dé Ìmẹ̀kọ, títí lọ sí agbègbè Ṣakí, ààlà tí àwọn òyìnbó amúnisìn fà ti la àárín àwọn ìdílé kọjá: ẹ̀gbọ́n lè máa gbé ní Ìmẹ̀kọ kí àbúrò máa gbé ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èdè Yorùbá tí ènìyàn ń sọ kò tó láti sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé tí ó gbọ́ kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò àwọn òbí rẹ̀ àti ti àwọn òbí-àgbà rẹ̀ ni a ó wò, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ohun tí ó máa ń ṣòro láti rí nígbà tí àwọn àgbà bá ti kú tán. Nítorí èyí ni a fi ń rọ gbogbo òbí pé kí wọ́n forúkọ ìbí ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní àkókò, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà pa mọ́. Ìwé ìbí fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń sọni di ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fi hàn ibi tí a bí ọmọ sí àti àwọn tí ó bí i.

Ìforúkọsílẹ̀ ni abala 26 ń sọ. Yàtọ̀ sí ẹni tí a bí sí òkè òkun tí òbí-àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, obìnrin tí ó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tàbí tí ó ti fẹ́ ọ rí, lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Ààrẹ ní láti rí i dájú pé ìwà ẹni náà dára, pé ó ní in lọ́kàn ní tòótọ́ láti fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé, kí ó sì ti búra ìdúróṣinṣin. Níbí ni àlébù kan wà tí a kò lè fi pa mọ́. Òfin náà mẹ́nu ba ìyàwó ọmọ Nàìjíríà, kò mẹ́nu ba ọkọ. Ọmọkùnrin wa tí ó bá fẹ́ ará Gánà lè rí ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin wa tí ó bá fẹ́ ará Gánà kan náà kò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, àfi kí ọkọ náà lọ tọ ọ̀nà ìsọdọmọ tí ó gùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé àbá láti tún ibí yìí ṣe wá sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, kò sì rí ìbò tí ó tó. Àwọn obìnrin jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní ẹnu ọ̀nà ilé náà ní Àbújá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin sì gbà láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, síbẹ̀ abala náà kò kúrò ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní ọdún 1999. Àwọn ọmọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣòro rárá. Ìyá wọn ti tó fún wọn. Ọkọ nìkan ni ó kù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìsọdọmọ wà ní abala 27, fún àjèjì tí ó ti bá wa gbé pẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin ní kí ó ti fi gbé ní Nàìjíríà láìdáwọ́ dúró. Tàbí kí ó ti gbé níbí fún oṣù méjìlá gbáko kí ó tó bẹ̀bẹ̀, kí àròpọ̀ àkókò tí ó ti fi gbé níbí láàárín ogún ọdún tí ó ṣáájú oṣù méjìlá náà má sì dín ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Apá kan nínú abala yìí kan ìjọba ìpínlẹ̀ ní tààrà: gómìnà ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ń gbé, tàbí tí ó fẹ́ máa gbé, ni yóò sọ bóyá àwọn ará àdúgbò gbà á, àti bóyá ó ti mọ́ ìgbé-ayé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lára. Ohun tí aládùúgbò mọ̀ nípa àlejò tí ó wà láàárín wọn ní ìwúwo lábẹ́ òfin.

Ẹni tí a kò lè lé kúrò nílé

Agbára ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dọ́gba. Abala 30 fún Ààrẹ láṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ẹni tí a sọ dọmọ, bí ilé-ẹjọ́ bá rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún méje tí ó gba ẹ̀tọ́ náà. Ó sì le fún ẹni yòówù tí kì í ṣe ọmọ nípa ìbí, bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó hùwà àìṣòótọ́ sí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí kò sí lára wọn. Kò sí ààrẹ, kò sí mínísítà, kò sí gómìnà tí ó lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun yòówù tí ó bá ṣẹ̀. A lè fi í sẹ́wọ̀n. A kò lè sọ ọ́ di àjèjì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lè kọ ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 29 ti là á kalẹ̀.

Àwọn tí wọ́n bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí, kí wọ́n rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman. Òun ni olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́ nígbà ìjọba alágbádá kejì. Ẹgbẹ́ òṣèlú GNPP ni ó ń ṣe, ẹgbẹ́ NPN sì ni ó wà lórí àlééfà ní ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de mú un pẹ̀lú àṣẹ Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, wọ́n sì gbé e kọjá ààlà lọ sí orílẹ̀-èdè Chad. Ẹ̀sùn wọn ni pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, wọ́n ní ilẹ̀ Chad ni bàbá rẹ̀ ti wá.

Ó pe ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Màídúgùrí dájọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni, pé lílé tí wọ́n lé e lòdì sí Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1979 tí ó wà lóde nígbà náà, ó sì ní kí ìjọba san ₦350,000 fún un gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Ìjọba gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ náà dín owó kù sí ₦50,000, ṣùgbọ́n Shugaba náà ni ó jàre. Àríyànjiyàn nípa ibi tí bàbá ti wá kò tilẹ̀ lè tó láti lé e jáde, nítorí òfin ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bíi ti òní, kò béèrè ju òbí kan tàbí òbí-àgbà kan lọ. Ní tiwa, ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ẹjọ́ náà ni irú ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí: aṣòfin tí àwọn ènìyàn dìbò yàn ni wọ́n gbé lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ilé-ẹjọ́ láàárín, kí ni ìbá jẹ́ ààbò àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tí kò lórúkọ?

Ìdáàbòbò ọgbọọgba

Orí Kẹrin Òfin-ìpìlẹ̀ ni àwọn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà, abala 42 rẹ̀ sì ni ó dá lórí ọ̀gbọọgba. Ó ní a kò gbọdọ̀ torí pé ọmọ Nàìjíríà kan wá láti àwùjọ kan, ẹ̀yà kan tàbí ìlú kan, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí nítorí ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú rẹ̀, kí a fi ìdíwọ́ sí iwájú rẹ̀ tí a kò fi sí iwájú ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ torí ọ̀kan nínú wọn fún un ní àǹfààní tí a kò fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe òfin tí a kọ nìkan ni abala yìí kàn. Ó kan ọ̀nà tí a ń gbà lo òfin, ó sì kan ìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ọ́fíìsì wọn. Abala náà tún ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ kankan du ènìyàn nítorí irú ìbí tí a bí i. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó dọ́gba pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a bí sínú ìgbéyàwó.

Lórí ogún ni abala 42 ti ṣiṣẹ́ jù lọ nínú ìdílé. Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí ó sì ń gbé ní Èkó, kú ní ọdún 1981 láìṣe ìwé ìhágún. Ọmọbìnrin rẹ̀ pe ẹjọ́ pé òun ní ìpín nínú ohun tí bàbá òun fi sílẹ̀. Ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí Ukeje àti Ukeje, rin ìrìn-àjò tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ láti ikú bàbá náà kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fi ẹnu rẹ̀ jóná ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Adájọ́ Bode Rhodes-Vivour ni ó ka ìdájọ́ náà: àṣà tí ó bá ní kí ọmọbìnrin má pín nínú ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí abala 42, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ní ọdún kan náà, nínú ẹjọ́ Anekwe àti Nweke, ilé-ẹjọ́ kan náà bu ẹnu àtẹ́ lu lílé opó kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin.

Kí àwa Yorùbá má yára pa àtẹ́wọ́ fún ara wa. Òótọ́ ni pé ọmọbìnrin ti ń jogún bàbá rẹ̀ láàárín wa láti ìgbà pípẹ́, àti pé láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé ìdílé kan ní Èkó, ni ilé-ẹjọ́ ti gbà pé àkọ́bí obìnrin lè ṣe olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tiwa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni ogún wà fún. Opó tí kò bímọ, tí kò sì ṣe ìgbéyàwó ìwé, ni ìyà yìí máa ń jẹ jù. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn tọkọtaya ni pé kí wọ́n kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara ṣì le, dípò kí ìyàwó wá máa fi ẹjọ́ kilẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ.

Abala 42 ní ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Nàìjíríà nìkan ni ó dárúkọ, kò dárúkọ àlejò. Kò mẹ́nu ba àìlera ara. Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn, ti ọdún 2018, ni ó wá dí àlàfo náà. Ó sì fàyè gba àwọn òfin tí ó fi gbèdéke sí yíyanni sí ipò ìjọba, iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ ọlọ́pàá. Láti ojú ihò yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ti ń wọlé.

Ọmọ ìbílẹ̀ àti olùgbé

Òfin-ìpìlẹ̀ sọ fún wa ẹni tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Abala 318 sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí-àgbà rẹ̀ jẹ́ ara àwùjọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ni a lè pè ní ẹni ìpínlẹ̀ náà. Abala 147 sì ní kí mínísítà kan, ó kéré tán, jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi kọ èyí yéni: kí apá kan orílẹ̀-èdè má baà kó gbogbo ipò jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ fún pípín ipò ni àwọn ènìyàn ti na ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí kò yẹ.

Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni kì í ṣe ìwé ẹ̀rí jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní in kò dín ní ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún, tí ó sì ń gbé ní Nàìjíríà, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Sókótó ni bàbá rẹ̀ ti wá. Abala 106, tí ó sọ ohun tí ẹni tí ó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, béèrè jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti ọdún 2018, ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni ọjọ́ orí náà. Kò béèrè pé kí ẹni náà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ tí ó ti ń du ipò. Bákan náà ni abala 177 lórí ipò gómìnà: ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni ó ní kí ó jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òṣèlú lè ní ìfẹ́ tirẹ̀, àwọn olùdìbò lè ní tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀.

Obìnrin tí ó kó láti ìpínlẹ̀ kan wá fẹ́ ọkọ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni ọ̀rọ̀ yìí ń há mọ́ àárín. Nílé ọkọ, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Nílé bàbá rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ. Abala 318 kò sọ pé ìgbéyàwó ń mú ènìyàn kúrò nínú àwùjọ tí a bí i sí, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ kò tí ì run. Orí Kejì Òfin-ìpìlẹ̀ tilẹ̀ ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní ibikíbi tí ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a lè torí orí náà nìkan pe ẹjọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ ní láti gbára lé Orí Kẹrin.

Ibi tí a ń gbà lọ

Abala 46 ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, tàbí tí ó rí i pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú, lè lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Kò dìgbà tí ìpalára bá dé tán. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2009 mú ọ̀nà náà rọrùn: kò sí pé ọjọ́ ti kọjá lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ lè pe ẹjọ́ dúró fún ẹni tí kò lè pè é fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí ilé-ẹjọ́ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ méje tí a bá fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Fún àṣìlò agbára láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, Àjọ Ìgbẹ́jọ́ Ará Ìlú wà. Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Orílẹ̀-èdè náà ń gba ìwé ẹ̀sùn. Kí ẹni tí ó ń bọ̀ mú ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún un lọ́wọ́. Bí ẹnu ni wọ́n fi kọ̀, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá mú ènìyàn, abala 35 ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ìwé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ni òfin fún wọn láti gbé e dé iwájú adájọ́. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí àkókò mìíràn tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti sí pé kí àwọn tí ó mú un tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ẹjọ́ ọ̀daràn bá sì dé ilé-ẹjọ́, abala 36 ní kí wọ́n pèsè ògbifọ̀ fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ náà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ni ẹni náà lè fi jẹ́jọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí òun nìkan ni ó bá gbọ́, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.